Ẹlẹ́dẹ̀ Tí Bertrand Yan

Ẹlẹ́dẹ̀ ni Bertrand ń wọ̀n nígbà tí mo kọ́kọ́ fojú kàn án. Kì í ṣe orí òṣùwọ̀n ló gbé e lé o. Mítà ló fi ń wọ̀n ọ́n, mítà onírin tí àwọn káfíńtà máa ń há mọ́ bẹ́líìtì. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó na mítà náà láti imú ẹlẹ́dẹ̀ dé ìdí rẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ náà sì dúró jẹ́ẹ́ bí ọmọ tí télọ̀ ń wọ̀n fún aṣọ ọdún.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú Kérésìmesì ni, ní ọgbà Zoé tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀, lẹ́yìn Akpakpa ní Kútọnu, létí ọ̀nà tó lọ sí Àjàṣẹ́. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni mí nígbà náà. Ọdún méjìlélógún ti gorí ọ̀rọ̀ yìí, Libreville, nílẹ̀ òkèèrè, ni mo sì jókòó sí tí mo ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá di ojú mi, mo ṣì ń rí ẹrẹ̀ tó wà lórúnkún ṣòkòtò rẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé ó gbọ́.

"Màmúsẹ́lì, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́," ló wí, láì gbójú sókè. "Ilẹ̀kùn ni Zoé ní kí n kàn sí ọgbà yìí. Bí mi ò bá mọ bí onílé ṣe tóbi tó, báwo ni mo ṣe máa mọ bí ilẹ̀kùn ṣe máa fẹ̀ tó?"

"Onílé yẹn kò ní pẹ́ jáde nílé," ni mo dá a lóhùn. "Èmi ni mo wá rà á."

Ó gbójú sókè nígbà náà, ó wò mí, ó tún wo ẹlẹ́dẹ̀. Zoé jáde síta, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. Ọmọ Ègùn ni Zoé, ṣùgbọ́n ó ń sọ èdè Nàgó dáadáa ju àwa tí wọ́n bí sínú rẹ̀ lọ.

"Èyí tó tóbi ló fẹ́," ni Zoé sọ fún un. "Ẹbí wọn pọ̀."

"Ṣé ẹ máa gé e ni?" ni ọkùnrin náà bi mí.

"Rárá o. Odindi la máa ń yan án nílé wa. Ọ̀bẹ kì í kàn án kí ẹbí tó pé."

"Inú kí lẹ ti máa yan án?"

"Inú àgbá irin."

"Báwo ni àgbá náà ṣe fẹ̀ tó?"

"Ó fẹ̀ bí àgbá."

Zoé bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín, ó kàn mi orí bí olùkọ́ tí ọmọ ilé ìwé dá lóhùn pẹ̀lú ọ̀yàyà ṣùgbọ́n tí ìdáhùn rẹ̀ kò bá ìbéèrè mu. Ó ní bí mo bá ra èyí tí òun wọ̀n yẹn, orí máa wà níta àgbá, ìdí náà máa wà níta, ikùn nìkan ló máa jinná. Ó wọ inú ọgbà lọ, ó gbé òmíràn jáde, kékeré, dúdú, ara rẹ̀ ń dán. Ó wọ̀n ọ́n.

"Èyí máa wọlé," ló wí. "Ó sì máa ku àyè tí èéfín máa gbà rìn yí i ká. Ẹran tí èéfín kò bá yí ká, sísun lẹ sun ún, ẹ kò yan án."

Bí mo ṣe mọ Bertrand nìyẹn. Nàgó ni, ará Sakété, káfíńtà ní Akpakpa. Ìyàwó rẹ̀ ti kú lọ́dún mẹ́rin ṣáájú, wọn kò sì bímọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi jẹ́ èmi ni mo lọ ra ẹlẹ́dẹ̀ lọ́dún náà. Bàbá mi ló máa ń rà á. Olùkọ́ àgbà ni bàbá mi, Ọmọ́tọ́ṣọ́ lorúkọ rẹ̀, gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Mẹ́tìrì, ìyẹn Olùkọ́. Láti Pobè ló ti wá sí Kútọnu nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Lọ́dọọdún, nígbà Kérésìmesì àti nígbà Àjíǹde, a máa ń ra ẹlẹ́dẹ̀ kékeré kan lódindi, bàbá mi á sì yan án lẹ́yìn ilé wa ní Akpakpa, nínú àgbá tí òun fúnra rẹ̀ lu ihò sí. Lẹ́yìn tí ìyá mi kú, kò jẹ́ kí àṣà náà bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń ṣókùnkùn. Lọ́dún náà, bí o bá dúró níwájú rẹ̀, òjìji ló ń rí. Ó lè mọ iná látinú ooru rẹ̀, kò lè mọ ẹlẹ́dẹ̀ tó dára lójú ọjà mọ́.

Bertrand di ẹlẹ́dẹ̀ náà sínú apẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn alùpùpù rẹ̀, ó bá mi gbé e délé. Bàbá mi jáde, ó fọwọ́ tọ́ ọ láti orí dé ìrù.

"Ta ló bá ọ yàn án, Ṣọlá?"

"Káfíńtà kan ni, Bàbá. Òun nìyí."

"Ó mọ ojú ẹran," ni bàbá mi wí.

Lórí ògiri, orí ìyá kan yọ. Ìyá Ràṣídì ni, aládùúgbò wa tó ń ta òwú àti bọ́tìnì ní ọjà Missèbo. Ṣàrífátù lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Mùsùlùmí òdodo ni.

"Mẹ́tìrì, mo gbóhùn àlejò yín," ló wí. "Ọjọ́ wo lẹ máa dá èéfín sílẹ̀? Ẹ sọ fún mi kí n má sá aṣọ. Bí mo bá gbé òórùn yẹn wọ mọ́ṣáláṣí, èmi àti Lèmọ́mù la máa jọ sọ ọ́."

"Ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Ràṣídì. Ẹ fọ aṣọ yín ní Ọjọ́rú."

"Ẹ ṣeun. Bí Iléyá bá dé, màá gbé itan àgbò wá fún yín, kí ẹ lè mọ bí ẹran gidi ṣe ń rí lẹ́nu."

Ogún ọdún ni àwọn méjèèjì ti ń bá ara wọn sọ irú ọ̀rọ̀ yìí.

Bertrand wá kí wa lọ́jọ́ Kérésìmesì. Bàbá mi bu ẹran fún un. Lẹ́yìn náà ló rí i pé ẹsẹ̀ àga kan ń mì, ó ní òun á padà wá tún un ṣe. Ó padà wá. Ó tún àga ṣe, ó rí fèrèsé. Ó tún fèrèsé ṣe, ó rí ilẹ̀kùn. Ilé wa kò tíì bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ.

"Ṣọlá," ni Ìyá Ràṣídì bi mí lórí ògiri, "ilẹ̀kùn yín yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún un ṣe lóṣù yìí. Ṣé ilẹ̀kùn ló ń tún ṣe ni, àbí ìwọ?"

Ojú tì mí, inú mi sì dùn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dá mi lápárá. Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì kan nítòsí èbúté. Mo máa ń jáde láàárọ̀, mo máa ń wọlé ní aago márùn-ún, màá ka ìwé ìròyìn fún bàbá mi, màá se oúnjẹ. Mo ti gbà pé bí ayé mi ṣe máa rí nìyẹn, n kò sì sunkún lé e lórí.

Ní oṣù Kejì, Bertrand wá pàdé mi níbi iṣẹ́, a fẹsẹ̀ rin gba orí afárá àtijọ́. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń fẹ́ gèlè mi. Nígbà tí a dé àárín afárá, ó dúró.

"Ẹ̀gbọ́n mi ní Libreville ti ránṣẹ́ sí mi," ló wí. "Ó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá, iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Ó fẹ́ kí n wá lóṣù Kẹjọ."

Mo ní, "Ó dára. Iṣẹ́ ni."

"Kò dára. Mi ò fẹ́ lọ láìsí ẹ, Ṣọlá."

"Bertrand, ṣé o mọ ọjọ́ orí mi?"

"Ìwọ nìkan ni ohun tí mi ò tíì wọ̀n láti ọdún yìí," ló wí. "Mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, bó o ṣe gùn tó, bó o ṣe pẹ́ tó."

Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo ti fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ ẹrẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ojú bàbá mi ló wá sí mi lọ́kàn, bó ṣe máa ń fi ìka wá etí ife lórí tábìlì.

"Ta ló máa bá mi tọ́jú bàbá mi?" ni mo wí.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe rin afárá náà tán.

Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi, ó gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Jẹ́ kó wá lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde. Iná kò yé ojú mi mọ́. Jẹ́ kí òun ló yan ẹlẹ́dẹ̀ náà, kí ẹbí wò ó."

Mo ní láti ṣàlàyé. Nílé wa, bí ẹlẹ́dẹ̀ bá jinná tí gbogbo ẹbí sì ti jókòó, obìnrin tó dàgbà jù ní ìdílé bàbá mi ló máa fọwọ́ ya etí rẹ̀. Á jẹ díẹ̀, á sì fi ìyókù lé ẹni tó bá wù ú lọ́wọ́. Bí àlejò kan bá wà níjòkòó tó wá tọrọ ọmọ wa, tí wọ́n sì fún un ní etí náà, ó ti di tiwa nìyẹn. Bí wọn kò bá fún un, kó jẹun tán kó máa lọ sílé rẹ̀.

Obìnrin tó dàgbà jù náà ni Táńtì Ayọ̀ọlá, àbúrò bàbá mi, tó ń gbé ní Pobè. Èrò rẹ̀ kò ṣókùnkùn sí wa. Ó ti ránṣẹ́ pé ọmọbìnrin tó bá pé ogójì ọdún nílé bàbá rẹ̀ ti di ọ̀pá ìtìlẹ̀ bàbá. Ta ló ń yọ ọ̀pá lọ́wọ́ afọ́jú?

Nítorí náà, gbogbo ọ̀rọ̀ wa dúró lórí ẹlẹ́dẹ̀ kan.

Bertrand fúnra rẹ̀ ló lọ yàn án lọ́dọ̀ Zoé. Lọ́jọ́ Àìkú Àjíǹde ló pa á, ó da omi gbígbóná sí i, ó fá irun rẹ̀ títí ara rẹ̀ fi funfun, ó kó ìfun rẹ̀. Mo lọ ata, áyù àti atalẹ̀, a fi iyọ̀ sí i, a fi ra á nínú àti lóde. Bí ọwọ́ wa bá kanra nínú ikùn ẹlẹ́dẹ̀ náà, àwa méjèèjì á ṣe bí ẹni pé a kò mọ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń kọrin ìfẹ́ nípa irú ibẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Igi ọsàn la fi máa ń yan ẹlẹ́dẹ̀ wa. Láti Pobè ló ti ń wá. Lọ́dún náà, Táńtì ní òun máa gbé e bọ̀ lọ́jọ́ Ajé náà gan-an, ìyẹn sì ti pẹ́ jù.

"Igi?" ni Bertrand wí. "Káfíńtà ni mí. Igi ni mo fi ń jẹun."

Ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ti dé pẹ̀lú àpò èérún igi àti ègé pákó láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó dá iná díẹ̀ sísàlẹ̀ àgbá, ó tẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ sórí irin, ó bò ó. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Mo lọ sí ilé ìdáná níwájú ilé, mo ń se ọbẹ̀, mo ń gún iyán fún èrò Pobè. Lójú tèmi, èéfín ni èéfín.

Bàbá mi jókòó sórí àga ìnàyìn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbé èéfín náà bọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. Láti ilé ìdáná, mò ń gbọ́ ohùn Bertrand.

"Bàbá, ṣé ó ń lọ dáadáa?"

"Ó ń lọ," ni bàbá mi dáhùn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bi í láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá mi ní ó ń lọ.

Ní aago mẹ́rin, ẹbí ti pé. Bertrand gbé ẹlẹ́dẹ̀ náà jáde. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó lẹ́wà. Awọ rẹ̀ pọ́n bí idẹ, kò sí ibi tó jó, kò sí ibi tó fà ya. Ariwo ayọ̀ sọ.

"Ẹlẹ́dẹ̀ yìí lẹ́wà ju ẹni tó yan án lọ," ni Táńtì Ayọ̀ọlá wí, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Bertrand náà rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé ọkàn Táńtì ti ń rọ̀. Ó na ọwọ́, ó ya etí ẹlẹ́dẹ̀ náà, ó ń gbé e lọ sẹ́nu.

"Ayọ̀ọlá," ni bàbá mi wí. "Má jẹ ẹ́."

Ọwọ́ Táńtì dúró.

"Gbóòórùn rẹ̀ ná."

Ó gbé e sí imú. Ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó fi ahọ́n kàn án, ó tu ú dànù. "Kí lèyí? Oògùn ikán?"

Gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn ẹran, wọ́n ń yí imú. Bertrand náà ya díẹ̀, ó gbé e sí imú rẹ̀. Mo ń wo ojú rẹ̀. Kò sí ohun tó yí níbẹ̀. Mo rí i pé kò gbóòórùn nǹkan kan.

"Imú mi ti kú," ló wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ó tó ọdún mẹ́jọ. Fáníìṣì ló pa á. Ẹnìkejì mi ní ṣọ́ọ̀bù ló ní òun máa rẹ pákó òrùlé kan sínú oògùn. Ó ní láti jẹ́ pé ibẹ̀ ni mo ti kó o. Ó ti gbẹ, kò yàtọ̀ lójú mi."

"Káfíńtà tí kò mọ igi," ni Táńtì wí. "Ṣé ìyàwó ló máa wá mọ̀?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bertrand dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ó tọrọ àforíjì. Ó gbé ẹlẹ́dẹ̀ náà lódindi, ó gbẹ́ ilẹ̀ ní ìpẹ̀kun ẹ̀yìnkùlé, ó sin ín kí ajá má baà hú u jẹ. A dúró, a ń wò ó bó ṣe ń gbẹ́lẹ̀. Nígbà tó ń lọ, mo tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà.

"Padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ, Ṣọlá," ló wí. Kò wo ojú mi.

Iyán àti ọbẹ̀ tí kò ní ẹran la jẹ lọ́jọ́ náà.

Fún ọjọ́ mọ́kànlá, Bertrand kò yọjú. Mo bínú sí i pé kò sọ ọ̀rọ̀ imú rẹ̀ fún mi. Mo bínú sí ara mi pé mo jẹ́ kó lọ. Bàbá mi kò jẹun dáadáa. Mo rò pé ìbànújẹ́ mi ló ń ṣe é.

Lọ́jọ́ kejìlá, ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo ń bá Ìyá Ràṣídì di okùn aṣọ rẹ̀ mú lórí ògiri, ó ní, "Ṣọlá, káfíńtà wa dà?"

"Kò wá mọ́, Ìyá Ràṣídì. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ yẹn ni."

"Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyẹn. Èmi tí mi ò jẹ ẹ́, mo mọ̀ láàárọ̀ pé nǹkan ṣe èéfín yẹn. Mo yọjú sórí ògiri, mo ní, Mẹ́tìrì, ẹran yín ń rùn bí àjà ilé tí wọ́n fín oògùn sí. Ó fọwọ́ sí ètè, ó ní kí n dákẹ́. Mo rò pé ẹ̀yin Krístẹ́nì ló mọ bí ẹ ṣe ń ṣe tiyín."

Okùn aṣọ ṣì wà lọ́wọ́ mi. N kò mọ ìgbà tí mo fi í sílẹ̀.

Bàbá mi wà ní pálọ̀, ó ń gbọ́ rédíò. Mo dúró níwájú rẹ̀.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ gbóòórùn oògùn yẹn?"

Ó pa rédíò. Kò díbọ́n. Ọ̀kan nínú ohun tí mo bọ̀wọ̀ fún lára bàbá mi nìyẹn.

"Kí iná tó mú dáadáa," ló wí. "Imú ló kù fún mi, Ṣọlá. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀."

"Ó bi yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bi yín."

"Nígbà àkọ́kọ́, mo la ẹnu láti sọ. Mo wá rò ó pé bí ẹran yìí bá dùn, Ayọ̀ọlá á fún un ní etí. Ìwọ á sì lọ." Ó ń fọwọ́ pa etí ìwé ìròyìn lórí itan rẹ̀. "Kì í ṣe òru ló ń bà mí lẹ́rù. Lóru, gbogbo ayé ò ríran. Ọ̀sán ni. Bí o bá ti lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń gbọ́ àwọn èèyàn tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, kò sí ẹni tó ń bọ̀ sọ́dọ̀ mi. Mo máa ń ka wákàtí títí di aago márùn-ún. Mo rò ó pé, bí kò bá sí aago márùn-ún mọ́ ńkọ́?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Inú sì bí mi. Àwọn méjèèjì wà nínú mi lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ dójú ti ẹni tí mo fẹ́ràn níwájú gbogbo ẹbí mi," ni mo wí. "Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ mi pé irọ́ kò dára."

"Mo mọ̀." Ó dìde, ó wá fìlà rẹ̀. "Mú mi lọ síbẹ̀."

"Síbo?"

"Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nísinsìnyí, kí ìtìjú tó gbà mí ní ìmọ̀ràn."

A fẹsẹ̀ rìn. Oòrùn mú, alùpùpù ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, bàbá mi dì mí ní apá mú. Bertrand ń fá pákó nígbà tí a dé. Ó rí wa, ó ju irinṣẹ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sínú èérún igi.

Bàbá mi ṣí fìlà. "Dìde, Bertrand. Ìwọ kó igi burúkú wá, o kò mọ̀. Èmi mọ̀, mo sì dákẹ́. Mo fẹ́ kí ẹbí kọ̀ ọ́. Èmi ni kí n wà nílẹ̀."

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀. Olùkọ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Bertrand fò dìde, ó gbá a mú lábẹ́ apá.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ayé á bú mi."

"Wọ́n ti bú ọ nítorí mi tẹ́lẹ̀."

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà dun Bertrand gan-an, kò sì fi pa mọ́. Lẹ́yìn náà ló fa àga kan fún bàbá mi. "Èmi náà fi nǹkan pa mọ́," ló wí. "Mo mọ̀ pé imú mi ti kú. Ojú ló tì mí láti sọ níwájú Ṣọlá. Ká ní mo sọ ọ́ ni, ì bá gbóòórùn igi yẹn fún mi."

"Ojú tèmi, imú tìrẹ," ni bàbá mi wí. "Bí wọ́n bá pò wá pọ̀, wọ́n á rí odindi èèyàn kan."

Bertrand rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Àwọn ọkùnrin méjèèjì jókòó, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé èmi kò sí níbẹ̀.

"Ẹ gbọ́ tèmi," ni mo wí. "Bertrand, mo fẹ́ ẹ. Bí etí bá wà, bí etí ò sí. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi bàbá mi sílẹ̀ fún ọ̀sán."

"Nígbà náà, mi ò lọ sí Libreville mọ́," ni Bertrand wí. "Màá kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi."

Mo mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ fún un. Ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Akpakpa kì í ṣe tirẹ̀, onílẹ̀ sì ti fẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀ padà. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni pé omi ló ní òun kò mu. Bàbá mi yí ojú sí ibi tí ohùn Bertrand ti wá.

A ṣe ìgbéyàwó lóṣù Keje. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́ fún Táńtì Ayọ̀ọlá, Táńtì sì bú u fún wákàtí kan gbáko. Bertrand yan ẹlẹ́dẹ̀ pẹ̀lú igi ọsàn, bàbá mi jókòó ti àgbá, ó ń fi imú darí rẹ̀: dín in kù, ṣí i díẹ̀, dúró. Táńtì ya etí, ó jẹ, ó jẹ sí i, ó fi ìyókù lé Bertrand lọ́wọ́, ó ní òun kò ní sọ nǹkan kan nípa iyọ̀ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá mi pè mí.

"Bá mi di ẹrù mi, Ṣọlá. Mò ń lọ sí Pobè."

"Ẹ fẹ́ lọ kí Táńtì?"

"Mo fẹ́ lọ gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. A ti sọ ọ́ tán. Ilé Ayọ̀ọlá kì í dákẹ́ lọ́sàn-án. Ọmọ-ọmọ mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, àti adìẹ, àti ẹnu Ayọ̀ọlá."

"Bàbá, Bertrand ti ní a ò lọ mọ́."

"Mo gbọ́ bó ṣe sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ọjọ́sí. Ọkùnrin tó lè sọ bẹ́ẹ̀ yẹ kó lọ. Mo ti ní kó má fi ìwé yẹn ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì tíì fi í ránṣẹ́." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àwa ọkùnrin náà mọ ọ̀rọ̀ pa mọ́ láti ṣe rere."

Mo sunkún, mo bẹ̀ ẹ́. Kò yí padà.

Ọdún mẹ́fà ló gbé ní Pobè kó tó sùn. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo padà wá rí i. Bertrand ń gbá ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ báyìí bí mo ṣe ń kọ̀wé, orí rẹ̀ ti funfun. A kò kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá rántí bàbá mi, kì í ṣe bí mo ṣe rí i ní Pobè ni mo máa ń rántí rẹ̀. Ọjọ́ gáréèjì ni.

A mú un lọ sí ibi tí ọkọ̀ Pobè ti ń gbéra ní Akpakpa. Bertrand gbé àpótí rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún un lórí yanrìn, bàbá mi súre fún un, ó fi ọwọ́ wá orí rẹ̀, ó rí i. Lẹ́yìn náà ló jókòó síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Awakọ̀ ṣì ń retí èrò kan.

Bàbá mi na ọwọ́ rẹ̀ jáde lójú fèrèsé. Kò jù ú. Kò mọ̀ bóyá a ṣì wà níbẹ̀ tàbí a ti lọ. Ó kàn na ọwọ́ náà sílẹ̀ sínú oòrùn.

Mo lọ dì í mú, n kò sọ̀rọ̀.

"O ò tíì lọ," ló wí.

"Mi ò tíì lọ, Bàbá."

Èrò tó kù dé. Ọkọ̀ ṣí. Mo bá a rìn, ọwọ́ rẹ̀ nínú ọwọ́ mi. Ọkọ̀ yára díẹ̀, mo bá a sáré, bàtà kan bọ́ lẹ́sẹ̀ mi, n kò dúró. Ǹ bá sáré bẹ́ẹ̀ dé orí títì Àjàṣẹ́.

Òun ló kọ́kọ́ jọ̀wọ́ ọwọ́ mi.